Bí a ṣe ra domain lọ́wọ́ àjèjì tó wà lókè òkun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo rí i pé ẹ̀rù ń ba àwọn kan láti ra domain, ìyẹn orúkọ ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, ẹ̀rù yẹn sì tọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe lọ.

Aṣọ òkè la ń tà, Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti ń hun ún fún wa. Nígbà tí oníbàárà pọ̀ sí i ní London àti Houston, a fẹ́ .com tó jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa gan-an, àmọ́ ará Tọ́kì kan ti gbà á ṣáájú wa. Mo tẹ orúkọ náà sórí lookup.icann.org, níbi tí èèyàn ti lè wo àkọsílẹ̀ domain. Orúkọ ẹni tó ni ín kò hàn, torí láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 tí òfin ìpamọ́ àṣírí ilẹ̀ Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń bo ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo rí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rà á, ọjọ́ tó máa parí àti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rà á yẹn ṣe pàtàkì: domain tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tí kò tíì pé 60 ọjọ́, ilé-iṣẹ́ náà lè kọ̀ kó má jẹ́ kó kúrò lọ́dọ̀ òun.

1,500 dọ́là ni ará Tọ́kì náà pè é. A ná an títí ó fi gbà 900. Mo wá ní kó fi hàn mí pé òun ló ni ín. Fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, n kò kà á sí, ta ni kò lè tún fọ́tò ṣe? Mo kọ gbólóhùn kan fún un, "aso-oke-iseyin-ojo-aiku", mo ní kó fi sínú DNS domain náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń júwe ibi tí domain kọjú sí, bíi TXT record, ìlà ọ̀rọ̀ lásán tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ẹni tí domain wà níkàáwọ́ rẹ̀ nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo máa wò ó, gbólóhùn mi ló wà níbẹ̀, lẹ́tà kan ò yẹ̀.

Ìyẹn nìkan ò tó o, torí olè tó bá ti jí domain gbé pàápàá lè ṣe é. Ní oṣù kìíní ọdún 2021 ló hàn pé wọ́n ti jí perl.com, domain àwọn tó ń lo èdè kọ̀ǹpútà Perl, wọ́n sì gbé e sọ́jà ní 190,000 dọ́là kó tó padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀. Nítorí náà mo lọ sórí Wayback Machine, ibi tí wọ́n ń tọ́jú àwòrán ìkànnì àtijọ́ sí, mo wo ohun tó ti wà lórí ìkànnì yẹn tẹ́lẹ̀, mo rí íméèlì kan nísàlẹ̀ ojú ewé àtijọ́, mo kọ̀wé síbẹ̀. Ọkùnrin yẹn kan náà ló dá mi lóhùn.

Ó ní tí n bá fowó ránṣẹ́ sí báńkì òun tààrà, òun á yọ 100 dọ́là. Mo ní rárá. Escrow.com la lò, alárinà tó máa ń di owó mú títí ọjà á fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á; ó ti wà láti 1999, ìjọba California sì fún un níwèé àṣẹ. Àkáǹtì dọ́là mi ni mo fi san án. Wọ́n di owó náà mú, wọ́n ní kí ó gbé domain wá. Ó ṣí domain náà sílẹ̀ kó lè kúrò nílé-iṣẹ́ tó wà, ó fún mi ní kóòdù tí ilé-iṣẹ́ tèmi máa fi gbà á. Ibí yìí gan-an ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra: kóòdù kì í ṣe domain. Ó lè gba ọjọ́ márùn-ún kó tó dé, ẹni tó ń tà sì lè fagi lé e lójú ọ̀nà. Ìgbà tí mo rí i nínú àkáǹtì tèmi ni mo tó tẹ̀ ẹ́ pé mo ti gbà á, kí wọ́n tó sanwó fún un.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Èmi fẹ́ fi ti ayédèrú alárinà kún un. Bí mo ṣe ní escrow la máa lò, kíá lẹni tó fẹ́ tà fún mi gbà, òun fúnra rẹ̀ ló fi línkì ránṣẹ́. Àmì ilé-iṣẹ́ pé, àwọ̀ pé, nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀. Àdírẹ́sì òkè ni mo tẹjú mọ́: àmì ìdábùú (-) kan wà láàárín tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Mo yẹ ọjọ́ orí ìkànnì náà wò, kò tíì pé oṣù kan. Mo fọwọ́ ara mi tẹ àdírẹ́sì gidi, mo ní kó wá bá mi níbẹ̀. N kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

* * *

Ẹ kúulé o, Peckham ni mo wà. Ilé-iṣẹ́ kan náà lèmi àti ẹni tó ta domain fún mi ń lò, nítorí náà kò lọ títí: ó kàn gbé e sínú àkáǹtì mi ni. PayPal ló ní kí n fi sanwó, ó ní kí n yan Friends and Family, ìyẹn bí ẹni ń fowó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí. Mo kọ̀, nítorí PayPal kì í dáàbò bo ẹni tó bá fi ìyẹn rajà. Ẹ̀gbọ́n aláṣọ òkè, ta ló san owó iṣẹ́ alárinà?

* * *

Àbúrò mi, èmi àti ará Tọ́kì náà jọ pín in sí méjì ni. Ìgbà tí ẹ bá ń ṣe àdéhùn lórí ìkànnì yẹn ni ẹ máa yan ẹni tó máa san án, torí náà ẹ ti sọ ọ́ kí owó tó kúrò nílẹ̀. Bí domain tìrẹ ṣe ti wọlé yìí, tì í pa kí ẹnikẹ́ni má lè gbé e kúrò, kí o sì wo íméèlì tó wà lórí rẹ̀ bóyá tìrẹ ni.