Headset wo ni kí n rà fún PS5? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. PS5, ẹ̀rọ géèmù Sony, ni mò ń lò, Ìbàdàn ni mo wà. Lópin ọ̀sẹ̀, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà lókè òkun máa ń gbá FC, géèmù bọ́ọ̀lù, à ń gbá a, à ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ilé bá ti sùn, Call of Duty, géèmù ìbọn, ló kù. Tẹlifíṣọ̀n ni ohùn ń gbà jáde, ìyá ọmọ mi sì ti ní ìbọn tí mò ń yìn lóru ti tó gẹ́ẹ́. 60,000 náírà ló wà lọ́wọ́ mi. Aládùúgbò mi kan fẹ́ ta headset (agbóhùn etí tó ní máìkì) Bluetooth kan fún mi, iná aláràbarà ń tàn lára ẹ̀. Ṣé kí n rà á, àbí kí n wá oníwáyà? Kí sì ni 7.1 tí wọ́n ń kọ sára páálí?

Àdùkẹ́ Páàdì: Bọ̀dá, ẹ má tíì sanwó o! PS5 kì í gba headset Bluetooth. Èyí tí kò ní wáyà gbọ́dọ̀ ní ike kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú USB, bíi ti Pulse 3D tí Sony fúnra wọn ṣe. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ti Xbox aláìníwáyà fún yín, kò ní bá PS5 sọ̀rọ̀. Kí aládùúgbò yín máa fi tiẹ̀ gbọ́ orin.

Bàbá Ìbejì: Àbúrò, oníwáyà ni kó o rà jàre. Ihò 3.5mm, irú èyí tí earpiece fóònù ń wọ̀, wà nídìí páàdì tó o fi ń gbá géèmù, ibẹ̀ ni wáyà ń wọ̀. Pẹ̀lú bí NEPA ṣe ń ṣe wá yìí, páàdì tí à ń ṣáàjì ti tó wàhálà. Ka ìlà tó yí irin ẹnu wáyà náà ká: bó bá jẹ́ mẹ́ta, máìkì wà níbẹ̀, bó bá jẹ́ méjì, gbígbọ́ lásán ni. Èyí tí ẹnu ẹ̀ pín sí méjì, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é fún.

Ní ti 7.1, ohun tó túmọ̀ sí ni spíkà méje àti ti báàsì kan tó yí èèyàn ká, àmọ́ spíkà méjì péré ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, ọ̀kan létí kan. Ìṣirò ni wọ́n fi ń mú kí etí rò pé ohùn ń bọ̀ látẹ̀yìn. PS5 ti ní tiẹ̀ nínú, Tempest ni wọ́n ń pè é, earpiece fóònù pàápàá ń jàǹfààní ẹ̀. Má fowó kún owó nítorí 7.1.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Earpiece fóònù kẹ̀? Ṣé mi ò ní láti ra nǹkan kan nìyẹn?

Àdùkẹ́ Páàdì: Fún FC, ó tó. Ẹ fi dán an wò lálẹ́ òní.

Ayìnbọn Peckham: Fún FC ni o. Ẹni tó ń yìnbọn nínú géèmù nílò ohun tó bo etí dáadáa, kó lè mọ ibi tí ìró ẹsẹ̀ ti ń bọ̀. Má ra èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ ní ihò, bó ti wù kó dùn tó: ohùn máa jò dé etí ìyàwó, ariwo jẹnẹrétọ̀ náà á sì wọlé. HyperX Cloud Stinger ni kó o wò, gíráàmù 275 péré ni, kì í wọni lọ́rùn. Bó o bá gbé máìkì ẹ̀ sókè, ó dákẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ooru ni kó o rò dáadáa, torí ìrọ̀rí aláwọ a máa mú etí làágùn. Aláṣọ tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kì í dí ariwo tó o.

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ: bí etí bá dí, èèyàn kì í mọ̀ pé òun ń pariwo. Ìwọ gan-an lo máa jí ọmọ! Ṣí etí kan sílẹ̀ bó o bá ń sọ̀rọ̀.

Bàbá Ìbejì: Hahaha, òótọ́ pọ́ńbélé! Bó bá jẹ́ ohùn àwọn ọ̀rẹ́ nìkan lò ń gbọ́, wọ Settings, lọ sí Sound, kó o yan All Audio.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo ti ní kí aládùúgbò mú tiẹ̀ dání. Ṣé Dùgbẹ̀ ni kí n lọ, àbí kí n rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Àdùkẹ́ Páàdì: Ibi tí wọ́n bá ti gbà kí ẹ ki wáyà ẹ̀ bọ páàdì yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ gbé páàdì lọ́wọ́ lọ.