Sàká lórí ọjà inú ṣọ́ọ̀bù

Ìyá Aláṣọ: Asalaamu alaekun, ẹ̀yin ará. Àǹkárá àti léèsì ni mò ń tà ní Gbági, n'Íbàdàn. Sàárà kì í wọ́n lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n sàká gan-an, ìtọrẹ ọdọọdún tó jẹ́ dandan fún Mùsùlùmí tó lówó, ni mo fẹ́ yọ. Ṣé owó báńkì nìkan ni màá kà, àbí pẹ̀lú aṣọ tí mi ò tíì tà? Àbúrò mi tí ọkọ rẹ̀ ṣaláìsí, ṣé mo lè fún un? Òpó ẹ̀sìn ni, mi ò fẹ́ fi ṣeré rárá.

Alfa Sàká: Wa alaekumu salaamu, ìyá wa. Ẹ ka aṣọ náà ní iye tí ẹ lè tà á lónìí, kì í ṣe iye tí ẹ rà á. Ẹ má ka tábìlì àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ fi owó ọwọ́ kún un, ẹ yọ gbèsè tó yẹ ní sísan. Bó bá tó iye gíráàmù wúrà 85, tó sì pé ọdún Híjírà kan (ọdún òṣùpá àwa Mùsùlùmí), ìdá kan nínú 40 rẹ̀ ni ẹ máa yọ.

Ọmọ Kéú: Bí àbúrò yín bá jẹ́ aláìní, ẹ fún un. Aláìní wà lára irú ẹni mẹ́jọ tí Suuratu Taoba ẹsẹ 60 nínú Kùránì kà pé ó lè gba sàká. Òbí àti ọmọ yín ni ẹ ò lè fún.

Ìyá Aláṣọ: Jasaakumullahu khaeran. Àwọn tó ra àwìn ńkọ́?

Alfa Sàká: Èyí tó dá yín lójú pé wọ́n máa san, ẹ kà á mọ́ ọn.