CGC tàbí CBCS: ta ni kí n kó kọ́míìkì mẹ́ta fún kí wọ́n fún un ní máàkì, kí wọ́n sì tì í sínú ike?

Aláṣàjọ béèrè:
Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ kọ́míìkì ilé iṣẹ́ Marvel ti ọdún 1974, èèpo rẹ̀ ṣì ń dán, àmọ́ àwọn ìlà tíńtín wà lára eegun ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn etí tí wọ́n ti ká a. Èkejì jẹ́ ti 1992, ó jọ pé ẹnikẹ́ni ò tíì kà á rí. Ẹ̀kẹta ní sáìnì ẹni tó yàwòrán rẹ̀ lójú èèpo, kò sì sí ìwé ẹ̀rí kankan pẹ̀lú rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ wà fún títà, ti sáìnì wà fún ìpamọ́. Nínú CGC àti CBCS, àwọn ilé iṣẹ́ méjì tó ń fún kọ́míìkì ní máàkì, tí wọ́n sì ń tì í sínú ike, èwo ló yẹ wọ́n? Ṣé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n kí ìlà ara wọn lè tẹ́jú?

Ojú_Máàkì dáhùn:
Ẹ má tíì ronú orúkọ ilé iṣẹ́. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ìwé kọ̀ọ̀kan ṣe ni kẹ́ ẹ wò, torí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ò gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kan náà.

Èyí tẹ́ ẹ máa tà, CGC ni. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀, ní Sarasota, Florida, àwọn tó ń rà sì máa ń sanwó jù fún ike wọn bí máàkì bá tiẹ̀ dọ́gba. Kì í ṣe pé CBCS ò mọṣẹ́ o. Steve Borock tó ti jẹ́ ọ̀gá ní CGC ló dá a sílẹ̀ ní 2014, kí ilé iṣẹ́ Beckett tó rà á. Àwọn méjèèjì ń fi 0.5 dé 10.0 díwọ̀n ìwé. Ọjà ló yàtọ̀.

Ti 1974 yẹn, ẹ ṣí i sí ojú ewé tí wọ́n ń tẹ lẹ́tà àwọn òǹkàwé sí. Ọdún yẹn ni Marvel bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ sítáǹbù kéékèèké síbẹ̀ pé kí àwọn ọmọdé gé e, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ jọ. Bí ihò onígun mẹ́rin bá wà níbẹ̀, kí èèpo máa dán bíi dígí, ìwé náà ò pé nìyẹn: yálà kí máàkì rẹ̀ já wálẹ̀ pátápátá, tàbí kí lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi sójú ike rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, tó túmọ̀ sí pé àléébù pàtàkì kan wà lára rẹ̀. Ẹ ka gbogbo ojú ewé. Ẹ wò ó bóyá ewé àárín ṣì di píìnì méjèèjì mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ èèpo wò látinú. Bí ẹnì kan bá ti fi máákà dúdú kun eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kí funfun má bàa hàn, yíǹkì yẹn sábà máa ń mu wọ inú. Lébẹ́ẹ̀lì elésè àlùkò, tó túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti tún ìwé náà ṣe, ni ti irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní CGC, owó rẹ̀ á sì já gan-an. Ó kan èyí tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ rẹ́ etí rẹ̀ kó lè gún régé náà.

Ẹ tún kíyè sí ọdún rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń kún fọ́ọ̀mù. Owó iṣẹ́ tó kéré jù ní CGC, tí wọ́n ń pè ní Modern, ìwé tó jáde láti 1975 wá ló wà fún. Ti 1974 ò bọ́ sí i, ọdún kan péré ló fi tàsé. Iye tẹ́ ẹ bá ní ìwé náà tó ló tún ń pinnu ìpele owó. Ẹ má dín in kù, torí òun náà ni wọ́n máa wò bó bá sọnù lọ́nà.

Ti 1992, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ kàn tọ́jú owó yín. Wọ́n tẹ ìwé ìgbà yẹn lọ́pọ̀ yanturu. Bí kò bá lè gba 9.8, owó máàkì àti ìfiránṣẹ́ á ju owó tẹ́ ẹ máa rí lórí rẹ̀ lọ. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ibi tí píìnì ti wọlé lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀. Bí igun kan bá ti rọ̀ báyìí, 9.8 ti lọ.

Ọ̀rẹ́_Yíǹkì dáhùn:
Ọ̀rọ̀ ọ̀gá òkè yìí tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti sáìnì kún un. Sáìnì tí ẹlẹ́rìí CGC fojú rí nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ ló ń gba lébẹ́ẹ̀lì yẹ́lò. Èyí tí kò sẹ́lẹ́rìí, aláwọ̀ ewé ni wọ́n máa ń fún un tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan kàn kọ nǹkan sójú èèpo. CBCS ní ètò tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń yẹ sáìnì tó ti wà tẹ́lẹ̀ wò. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, lébẹ́ẹ̀lì pupa ni. Ìpamọ́ lẹ kúkú ní ẹ fẹ́, ibẹ̀ ni kó lọ. Àmọ́ ẹ ka òfin tó wà lójú ewé ilé iṣẹ́ méjèèjì lónìí kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, wọ́n máa ń yí i padà.

Ní ti títẹ̀, ẹ gbé ìwé sábẹ́ iná kẹ́ ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà tó kàn rì wọlé, tí àwọ̀ ò tíì ṣí lórí rẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin díẹ̀ lè gbé e dìde. Ìlà tí funfun bébà bá ti yọ lójú rẹ̀, kò sẹ́rọ tó máa wò ó sàn. Ilé iṣẹ́ méjèèjì ò ka títẹ̀ sí àtúnṣe tó ń ba lébẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n ni ẹ̀rù: bí ooru bá pọ̀ jù, ojú èèpo á máa kọ mànà lọ́nà tí kò yẹ, àmì píìnì á sì yọ sí àwọn ewé tó tẹ̀ lé e. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ tẹ ti 1974 nìkan, bí púpọ̀ nínú ìlà yẹn bá jẹ́ irú àkọ́kọ́.

Aláṣàjọ:
Ẹ ṣeun gan-an. Sítáǹbù ti 1974 wà níbẹ̀ digbí. Báwo ni wọ́n ṣe ń dì í tí igun rẹ̀ ò fi ní rún lọ́nà?

Ojú_Máàkì:
Náílọ́ọ̀nù kan sí ìwé kan, pẹ̀lú páálí pẹlẹbẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn náílọ́ọ̀nù ni kẹ́ ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́, kẹ́ ẹ ká etí rẹ̀ kan pọ̀ kí òṣìṣẹ́ rí ibi tó máa fà. Sẹ́lótéèpù tó bá fi ara kan èèpo nígbà tí wọ́n ń yọ ìwé jáde lè ṣí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ fi páálí líle méjì tó tóbi ju ìwé lọ há a láàárín, kẹ́ ẹ so wọ́n pọ̀, kẹ́ ẹ wá gbé e sínú àpótí, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan rírọ̀ kún gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ mì í. Bí nǹkan bá ń ró nínú rẹ̀, ẹ tún un dì. Fọ́ọ̀mù á wà nínú àpótí, ẹ̀dà kan á wà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan.

Bó bá padà dé, ẹ fi nọ́ńbà ara lébẹ́ẹ̀lì wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ rí i pé orúkọ, nọ́ńbà ìwé àti máàkì bá ara wọn mu. Ẹ wá fi fọ́tò yín wo àwọn igun. Ìwé máa ń sún nínú ike bí wọ́n bá jù ú káàkiri lọ́nà, igun rẹ̀ á sì rún síbẹ̀ láìjẹ́ pé ike fọ́. Bẹ́ ẹ bá rí i, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí wọn, kẹ́ ẹ má sì ṣí ike náà.