Kí RV tó gba títì lọ́dún yìí, ẹ kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ jáde

Ní Amẹ́ríkà, ìparí ọ̀sẹ̀ Memorial Day, èyí tó máa ń bọ́ sí Mọ́ńdè tó kẹ́yìn nínú oṣù Karùn-ún, ni ọ̀pọ̀ RV, ìyẹn ọkọ̀ tó dà bí ilé tí wọ́n ń fi rìnrìn àjò tí wọ́n sì ń sùn sínú rẹ̀, máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn òtútù. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn jáde, kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Kì í ṣe tìtorí kí inú ọkọ̀ lè dùn ún wò nìkan o. Táyà ló ń ru gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kó síbẹ̀. Tí ẹrù bá ti pọ̀ jù fún táyà, á gbóná lórí eré, tó bá sì gbóná kọjá ààlà, á bẹ́.

Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé. Iye ẹrù tí ọkọ̀ lè gbà wà níbẹ̀. Tí RV bá ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, àti èèyàn àti ẹrù ni iye yẹn kà pọ̀. Tó bá jẹ́ èyí tí ọkọ̀ mìíràn ń fà, ẹrù nìkan ló kà. Ká ní 1,500 pọ́ùn ni wọ́n kọ sára RV ẹlẹ́ńjìnnì. Èèyàn mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn 160 pọ́ùn ti gba 640. Gálọ́ọ̀nù omi kan wọn pọ́ùn 8.3, torí náà táńkì 40 gálọ́ọ̀nù tó kún ti gba 332. Ó wá ku 528 fún oúnjẹ, aṣọ, àga, irinṣẹ́ àti kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi odó sílẹ̀ nílé. Poundo la fi ń rìnrìn àjò.

Ẹ má dúró nínú ọkọ̀ kẹ́ ẹ máa ṣa èyí tẹ́ ò fẹ́, torí gbogbo rẹ̀ ló máa dà bí ohun tó wúlò. Ẹ tẹ́ tapólì sílẹ̀ níta, kẹ́ ẹ kó gbogbo nǹkan sórí rẹ̀, títí kan ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tẹ́ ẹ lò lọ́dún tó kọjá nìkan ni kó padà wọlé, pẹ̀lú ohun tí a kì í fẹ́ lò àmọ́ tí a ò gbọ́dọ̀ ṣaláìní: ohun ìpaná, àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì, irinṣẹ́ táyà. Oúnjẹ agolo tó ti di yìnyín nígbà òtútù tó sì wú, ẹ dà á nù. Gaàrì, èlùbọ́ àti ẹ̀wà tó sùn inú ọkọ̀ mọ́jú ọdún tuntun ò ṣeé gbà wọlé mọ́. Kòkòrò ti wọ̀ ọ́, òun náà ló sì ń pe eku.

Ọ̀rọ̀ eku yìí gba ìṣọ́ra. Tẹ́ ẹ bá rí ìgbẹ́ rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, ẹ má gbá a, ẹ má sì lo ẹ̀rọ afàdọ̀tí, torí eruku rẹ̀ lè gbé àrùn hantavirus wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ po blíìṣì ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án, ẹ wọ́n ọn títí ó fi rin gbingbin, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó fi tíṣù nù ún. Lẹ́yìn náà, ẹ tanná sí abẹ́ síńkì, níbi tí páìpù ti gba ilẹ̀ kọjá. Ihò tó bá ṣẹ́ kù yí páìpù ká, ibẹ̀ lọ̀nà wọn. Fóòmù nìkan ò tó, wọ́n á jẹ ẹ́. Kànrìnkàn onírin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kì sínú ihò náà, kẹ́ ẹ tó fi fóòmù dí i.

Tẹ́ ẹ bá ń kó ẹrù padà, èyí tó wúwo nísàlẹ̀, ní tòsí táyà. Èyí tó fúyẹ́ lókè. Búrẹ́dì, tíṣù àti aṣọ ló yẹ kọ́bọ́ọ̀dù òkè, kì í ṣe agolo tòmátì. RV tí wọ́n ń fà tún ní tirẹ̀: nínú gbogbo ìwúwo rẹ̀, ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó tẹ orí irin tó so ó mọ́ ọkọ̀ iwájú. Èyí tó wọn 6,000 pọ́ùn, 600 sí 900 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kó jẹnẹrétọ̀ àti kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀yìn pátápátá, iwájú á fúyẹ́, tí ọkọ̀ akẹ́rù bá sì ti sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, RV á máa ju ìdí bí ìrù ẹja. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dojú dé.

Ike onígun mẹ́rin ló ń gba àyè dáadáa, róbótó ń fi àyè ṣòfò. Ẹ má dí ihò tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà jáde. Tí RV yín bá ní yàrá tó máa ń yọ síta láti fi kún àyè inú ọkọ̀, ẹ yẹ ibi tó ń gbà wọlé wò kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Bàtà kan ṣoṣo lè há a.

Páìpù omi mímu àti páìpù ìdọ̀tí ò gbọ́dọ̀ jọ wà nínú ike kan náà láé. Tẹ́ ẹ bá ti fọ oògùn aláwọ̀ osùn tí kì í jẹ́ kí páìpù di yìnyín nígbà òtútù kúrò nínú rẹ̀, blíìṣì ìdá kan nínú mẹ́rin kọ́ọ̀pù kan ló tó fún omi gálọ́ọ̀nù 15. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, kẹ́ ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ sì fi omi mímọ́ ṣàn án títí òórùn rẹ̀ á fi lọ.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ wa ọkọ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n CAT Scale níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń dúró ra epo, pẹ̀lú gbogbo èèyàn, epo àti omi nínú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n á fún yín máa ń ya ìwúwo táyà iwájú sọ́tọ̀ sí ti ẹ̀yìn. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé iye GAWR tó wà lára ọkọ̀, ìyẹn ìwúwo tó pọ̀ jù tí ọ̀pá tó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì lè gbé. Tó bá kọjá, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dín kù. Gálọ́ọ̀nù 10 tó fún ojú ọ̀nà, ẹ ó rí ìyókù fà níbi ìpàgọ́. Tí táńkì 40 gálọ́ọ̀nù bá di 10, 249 pọ́ùn ti kúrò lórí táyà nìyẹn.