Ṣé mílíọ̀nù ọdún méje tó kí ẹbí ìnàkí fi di èèyàn?

Ọmọ_Tákíẹ̀: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi, tíṣà báyọ́lọ́jì àbúrò mi ní àwa àti ìnàkí pínyà lára baba ńlá kan náà ní bíi mílíọ̀nù ọdún 6 sí 7 sẹ́yìn. Ìṣirò ẹ̀ ni ò wọlé sí mi lórí. Ọpọlọ ìnàkí ò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta tiwa lọ, kò lè sọ̀rọ̀, irun bo gbogbo ara ẹ̀, gbogbo ìyẹn yí padà láàárín àkókò yẹn nìkan, nígbà tí ọ̀nì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ayé dáínósọ̀?

Ìyá_Àjíkẹ́: Ọlọ́run ló dá èèyàn, ibẹ̀ ni mo dúró sí. Àwọn ọ̀bọ tó wà ní páàkì Ọ̀yọ́ Ilé ńkọ́, kí ló dé táwọn ò di èèyàn?

Ẹ̀gbọ́n_Lábù: Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó ní ọ̀bọ Ọ̀yọ́ Ilé ló bí wa, àwọn náà ti ń yí padà lọ́nà tiwọn látìgbà tá a ti pínyà.

Ọmọ Tákíẹ̀, ìran ni kó o kà, má ka ọdún. Tá a bá fi ọdún 25 sí ìran kan, mílíọ̀nù ọdún 7 jẹ́ ìran 280,000, bẹ́ẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí máa ń ní bíi 60 àyípadà nínú DNA ẹ̀ (àkọsílẹ̀ àbùdá tá a ń jogún) tí bàbá àti ìyá ẹ̀ ò ní. Púpọ̀ nínú ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, àmọ́ èyí tó bá ran èèyàn lọ́wọ́ láti yè kó sì bímọ, òun ló máa ń tàn kálẹ̀. Ọ̀nì ní tiẹ̀, omi tó ń gbé àti bó ṣe ń jẹun ò yí padà púpọ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ irú àyípadà bẹ́ẹ̀: AS, irú ẹ̀jẹ̀ tá a máa ń bi ara wa kí ìgbéyàwó tó wáyé. Ó ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà tó le, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní in. Ìwádìí kan sọ pé bíi ọdún 7,300 sẹ́yìn ni AS bẹ̀rẹ̀, òmíràn sọ pé 22,000, èyíkéyìí tó bá jẹ́, kíún ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù 7!

Kì í sì ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀ yí. Lucy, egungun ẹ̀dá àtijọ́ kan tó bá èèyàn tan, tí wọ́n hú ní Etiópíà lọ́dún 1974, ti lo bíi mílíọ̀nù ọdún 3.2 nínú ilẹ̀, ẹsẹ̀ méjì ló fi ń rìn, àmọ́ ọpọlọ ẹ̀ ò ju ti ìnàkí lọ púpọ̀. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yí, ọpọlọ wá ń tóbi láàárín bíi mílíọ̀nù ọdún 2 tó kẹ́yìn. Egungun tí wọ́n rí ní Mòrókò, tó ti tó bíi ọdún 300,000, ojú ẹ̀ ti jọ tiwa, agbárí ẹ̀ ṣì gùn sẹ́yìn.

Ìyá_Àjíkẹ́: Ti AS yé mi, àbúrò mi ní in. Ṣùgbọ́n ta ló wà níbẹ̀ tó ka ọdún Lucy?

Ẹ̀gbọ́n_Lábù: Eérú òkè tó ń yọ iná ni wọ́n wọ̀n mà, èyí tó wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti hú u. Irú potásíọ̀mù kan tó wà nínú ẹ̀ máa ń di gáàsì tí wọ́n ń pè ní ágọ́ọ̀nù díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń yára tó ò sì yí padà, ágọ́ọ̀nù tí wọ́n bá bá níbẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ tí eérú yẹn ti balẹ̀.