Ọyẹ́ àti ikọ́ ọmọ mi ní Ṣàgámù: ṣé ká kó lọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni?

ÌyáÌbejì_Màkún:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ má bínú tó bá gùn. Màkún níbí la ń gbé, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi ní ikọ́ fée. Tí òjò bá ń rọ̀, ọmọ yẹn á máa sáré kiri bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe rí, àmọ́ gbàrà tí ọyẹ́ bá ti wọlé, December sí February, oorun dópin nílé wa nìyẹn, àyà ẹ̀ á máa dún bíi fèrè, pàápàá láago márùn-ún sí méje àárọ̀, tó bá dọ̀sán á wá rọlẹ̀ díẹ̀. Mo nulé títí, kó tó dìrọ̀lẹ́ eruku ti tún bo tábìlì. Ọkọ mi ní ká kó lọ Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́dọ̀ àwọn òbí òun, pé igbó ló wà ńbẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́. Ṣóòótọ́ ni? Kí ló sì dé tó jẹ́ àárọ̀ ló ń burú jù?

ỌmọÒfin:
Ẹ kú ìtọ́jú wọn mà, Ọlọ́run á dá wọn sí. Eruku ọyẹ́ kì í ṣe ti Ṣàgámù o. Ibì kan wà ní Chad tí wọ́n ń pè ní Bodélé, adágún ńlá ló wà ńbẹ̀ láyé àtijọ́ kó tó gbẹ, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló wá di eruku tó kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Àwọn òkè Tibesti àti Ennedi ló fún atẹ́gùn sáàárín, ó ń gba ibẹ̀ já pẹ̀lú agbára, ó ń gbé eruku yẹn bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìjẹ̀bú-Igbó o, Ìkẹ́nnẹ́ o, Ẹ̀pẹ́ o, gbogbo wa la jọ ń fà á símú. Ìgbà òjò ní tiẹ̀, orí òkun latẹ́gùn ti ń wá, òjò á sì fọ èyí tó kù nù.

Tíṣà_Ìjẹ̀búÒde:
Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn ti àárọ̀. Lásìkò ọyẹ́, ojú ọ̀run máa ń ṣí lóru, gbogbo ooru tílẹ̀ gbà lọ́sàn-án á fò lọ, ilẹ̀ á tutù nini, afẹ́fẹ́ tó sún mọ́lẹ̀ náà á tutù, tòkè ẹ̀ ló máa wá lọ́wọ́ọ́rọ́. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, kò lè gòkè, àfi bíi pé wọ́n dé ọmọrí lé ìkòkò. Èéfín jẹnẹrétọ̀, ti ààtàn tí wọ́n ń sun, ti iléeṣẹ́, ti àwọn tírélà tó ń pàdé ní íntáṣéńjì yín láti Èkó, Ìbàdàn àti Benin, abẹ́ ọmọrí yẹn ni gbogbo ẹ̀ máa wà títí oòrùn á fi mú ilẹ̀ gbóná, bí aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Ẹ wo èéfín láàárọ̀ kùtù, á tẹ́ lọ gbọọrọ, ẹ padà wò ó lọ́sàn-án, òkè lẹ máa rí i tó ń lọ.

Ó sì tún ku kiní kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí. Atẹ́gùn òjò ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, tọyẹ́ ń ti àríwá ìlà-oòrùn. Ilé téèéfín kì í dé ní June lè wà lójú ẹ̀ gan-an ní January. Kẹ́ ẹ tó sanwó ilé níbikíbi, ẹ wo nǹkan tó wà ní apá àríwá ìlà-oòrùn ẹ̀ ná.

Adé_ÌjẹbúIgbó:
Mà, ẹ má tíì kẹ́rù o. Igbó wà lóòótọ́, àmọ́ sọ́ọ̀mìlì náà wà, wọ́n ń sun pàǹtí pákó, èéfín ẹ̀ lè má kú fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn àgbẹ̀ tún ń sun oko láti January kójò tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé igi ni màmá fi ń dáná tàbí tí wọ́n ń yan gàrí, ìdí ààrò yẹn gan-an lọmọ yín máa wà, torí àwọn ọmọ ò ṣeé lé kúrò lẹ́yìn ìyá àgbà.

Nọ́ọ̀sì_Rẹ́mọ:
Eruku àti èéfín tó ń ṣe ọmọ jù lèyí tójú ò rí, ìbú irun orí kan tó nǹkan bí 30 ẹ̀, ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Lọ́dún 2021, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kò yẹ kó ju máíkírógíráàmù 15 lọ (ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù) nínú afẹ́fẹ́ tó jẹ́ mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga, lóòjọ́. Ẹ ti fèrèsé yín pa láti ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbálẹ̀, aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sun kọ́ìlì ẹ̀fọn ní yàrá yẹn, nẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ ta. November ni kẹ́ ẹ ti lọ rí dókítà lórí ínhélà ẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle.

ÌyáÌbejì_Màkún:
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo jáde láago mẹ́fà àárọ̀ yìí, mo rí èéfín tẹ́ Tíṣà sọ, ó ga bí òrùlé ilé wa, kò lọ síbì kankan. Kọ́ìlì yẹn gan-an mo ń sùn tì í ni, mo ti kó gbogbo ẹ̀ jáde. A máa lọ sun Ìjẹ̀bú-Igbó fún ọjọ́ mẹ́ta ní January ká tó pinnu. Adé, apá ibo ni sọ́ọ̀mìlì pọ̀ sí jù níbẹ̀?