W Series 2019: ṣé mọ́tò kan náà ni gbogbo wọn wà ni?

Ìbéèrè:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo eré ìje mọ́tò, sísìn àkọ́kọ́ W Series, ìdíje eré ìje mọ́tò àwọn obìnrin, ni mò ń wò báyìí, mọ́tò wọn jọra délẹ̀, báwo wá lẹnì kan ṣe ń fi ẹlòmíì sẹ́yìn?

Ìdáhùn:
Irú mọ́tò ìje kan tó ń jẹ́ Tatuus T-318 ni gbogbo wọn wà, ẹ́ńjìnnì kan náà, wọ́n tún ń pààrọ̀ mọ́tò láàárín ara wọn kẹ́nikẹ́ni má baà sọ pé tòun ni ò dáa. Ọwọ́ awakọ̀ ló kù, ibi tó ti tẹ bíréèkì, bó ṣe wọ kọ́nà, bó ṣe ṣọ́ táyà lò.

Ìdáhùn:
Èyí tó wú mi lórí jù ni pé àwọn obìnrin yẹn ò sanwó kí wọ́n tó wọlé o, torí níbòmíì ẹni tí ò bá ní sípọ́ńsọ̀ á jókòó sílé ni bó ti wù kó mọ̀ ọ́n wà tó. Eré 6, ẹni 5 ló pín in jẹ! Jamie Chadwick nìkan ló jẹ méjì, ní pápá ìje Hockenheim àti Misano, òun ló gba 500,000 dọ́là.

Ẹni tó béèrè:
Haa, ó ti yé mi, ẹ ṣé gan-an. Mo ń lọ wo eré ti pápá Brands Hatch.